Oògùn Kì Í Bi Ẹnikẹ́ni Bóyá Ara Ẹ̀ Yá

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti mọ́ wa lẹ́nu ní Òkè-Onígbìn níbí, a kì í sì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì ká tó sọ ọ́. Ẹni tí ò rí oorun sùn fún òru méjì á ní, "Ẹ jẹ́ n yà ní kẹ́mísì, kí wọ́n fún mi ní Valium ẹyọ méjì." Ọmọ tó wà ní Ìlọrin tàbí Èkó, tó gbọ́ pé ìyá òun ò sùn dáadáa, á ra káàdì kan, á fi rán awakọ̀ sílé. Ẹni tí àyà ẹ̀ ń já nítorí gbèsè, aládùúgbò á bù fún un nínú Lexotan tí dókítà kọ fún aládùúgbò yẹn fúnra ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan. Ṣebí hóró kékeré ni, ṣebí oorun lásán ló ń fúnni.

Èmi ò gbà pé oorun lásán ni. Valium, tí orúkọ oògùn inú ẹ̀ ń jẹ́ diazepam, àti Lexotan, tí tiẹ̀ ń jẹ́ bromazepam, ara àwọn oògùn tí dókítà fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ni wọ́n. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyí: tí oògùn tí wọ́n ṣe fún ọpọlọ tó ń ṣàìsàn bá wọ inú ọpọlọ tí nǹkan kan ò ṣe, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìrònú, sí ìrántí, sí ojú, sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀?

Ìdáhùn tèmi ni pé oògùn kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ara ẹ̀ yá kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agbára tó fi ń di àìsàn mú náà ló fi ń di ọwọ́ tó dá ṣáṣá mú. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tó lò ó ló máa ń gbẹ̀yìn mọ̀.

Kí n tètè sọ eléyìí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Mi ò bá àwọn tí dókítà fi oògùn yìí tọ́jú wí o. Ẹni tí ohùn tí kò sí ń bá sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, tí oògùn wá pa ohùn yẹn lẹ́nu mọ́, oògùn yẹn ló dá ọpọlọ ẹ̀ padà fún un. Òun lè ronú dáadáa nítorí pé ó ń lo oògùn. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Tó bá jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún ẹ, má tìtorí ohun tí mo kọ síbí dá a dúró. Ẹni tí ara ẹ̀ yá, tó ń ra oògùn aláìsàn fúnra ẹ̀, ni mò ń bá wí.

Àwọn dókítà tó dán an wò lára ara wọn

Ọ̀nà kan ṣoṣo la fi lè mọ ohun tí oògùn ń ṣe sí ẹni tí ara ẹ̀ yá: kí ẹni tí ara ẹ̀ yá lò ó, ká sì máa wò ó. Àwọn dókítà kan sì ti fi ara wọn ṣe é.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1951, ní Villejuif lẹ́bàá ìlú Paris, dókítà ọpọlọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Cornelia Quarti gbà kí wọ́n fa oògùn tuntun kan sí òun ní iṣan. Nǹkan kan ò ṣe é. Oògùn yẹn ni chlorpromazine, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí Largactil. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1952, Delay àti Deniker bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú wèrè ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne, ayé ìtọ́jú wèrè sì yí padà látọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n lára Quarti, tí kò ya wèrè, ńṣe ni nǹkan gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí i bíi pé kò kàn án. Nígbà tó dìde láti lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dákú. Ìdí ni pé oògùn yìí máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹni já wálẹ̀ lójijì téèyàn bá dìde.

Ní 1977, àwọn dókítà ọpọlọ méjì ní Ísírẹ́lì, Belmaker àti Wald, kọ ohun tí ojú tiwọn rí sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ara àwọn méjèèjì yá. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ haloperidol mílígíráàmù 5. Haloperidol yìí wọ́pọ̀ gan-an ní ilé ìwòsàn ọpọlọ nílẹ̀ wa. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìrònú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí ara wọn náà ń fà, tí inú wọn ò sì balẹ̀ rárá. Wọn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ó ju wákàtí 36 lọ kí wọ́n tó padà síbi iṣẹ́. Wọn ò lè fúnra wọn gbé ìwé kà, wọn ò lè fúnra wọn ṣe iṣẹ́ ilé. Tí ẹlòmíràn bá ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n lè ṣe é. Ẹ sì kíyè sí i: oorun ò kùn wọ́n. Ńṣe ni àyà wọn ń já.

Ẹ wò ó, oògùn tó ń fi ọkàn aláìsàn balẹ̀ ló gba ìbàlẹ̀ ọkàn lọ́wọ́ ẹni tí ara ẹ̀ yá. Kí ló fà á? Haloperidol máa ń dí ọ̀nà mọ́ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ dopamine nínú ọpọlọ. Nínú ọpọlọ tí dopamine ti ń ṣe àṣejù, ìdènà yẹn ni ìtura. Ṣùgbọ́n dopamine yìí kan náà ni ọpọlọ fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn, òun ló fi ń jẹ́ kí ọwọ́ lọ geere, òun náà ló fi ń mú kí nǹkan wù wá ṣe. Tí o bá dí i níbi tí kò ti pọ̀ jù, o ti dí ọ̀nà mọ́ ìgbésẹ̀ àti ìfẹ́ inú nìyẹn.

Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ haloperidol yìí tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Tí ọmọdé bá lọ ṣèèṣì gbé oògùn aláìsàn inú ilé mì, tàbí tí ọ̀dọ́ kan lò ó, láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀ ọrùn ẹ̀ lè lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú ẹ̀ yí sókè kó má lè yí i wálẹ̀, kí ahọ́n ẹ̀ wúwo. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ará àdúgbò á sọ tí wọ́n bá rí irú ẹ̀: "Ayé ti ṣe é." Wọ́n á gbé e kiri. Bẹ́ẹ̀, iṣan tó lọ́ nítorí oògùn ni, abẹ́rẹ́ kan sì wà ní ilé ìwòsàn tó máa ń tú u láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀ kíákíá, kẹ́ ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.

Ohun tí Valium ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká padà sórí hóró tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Diazepam dé ọjà ní 1963. Leo Sternbach àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Roche ló ṣe é. Nínú ọpọlọ wa, kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ GABA tí iṣẹ́ ẹ̀ dà bíi bíréèkì. Diazepam kì í ṣe bíréèkì fúnra ẹ̀ o. Ńṣe ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó wà lórí bíréèkì tẹ̀ ẹ́ wúwo sí i. Nítorí ẹ̀ ló fi ń dá gìrì dúró, tí ara tó le á dẹ̀, tí àyà tó ń já á sì rọlẹ̀. Oògùn tó wúlò gidigidi ni nílé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni má tan ara ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bíréèkì yẹn ò sí níbi ìbẹ̀rù nìkan. Ó wà níbi tí ọpọlọ ti ń fi ọ̀rọ̀ tuntun pa mọ́. Ó wà nínú ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn ìpàkọ́, èyí tó ń bá ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú ṣètò iṣẹ́ kí wọ́n má baà ta kora. Nígbà tí wọ́n fún àwọn tí ara wọn yá ní diazepam níbi ìwádìí, ohun kan náà ló ń jáde léraléra. Tí wọ́n bá ka orúkọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan sí wọn létí, wọn á gbàgbé púpọ̀ nínú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ti mọ̀ ṣáájú oògùn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró lójú kan, ara wọn á máa mì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tí iná bá tàn, ọwọ́ wọn á pẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Nínú yàrá ìwádìí, kí ọwọ́ pẹ́ díẹ̀, kò sí wàhálà ńbẹ̀. Lójú títì Òkè-Onígbìn sí Òmù-Àrán, tí ewúrẹ́ bá já lu títì níwájú ọlọ́kadà tó gbé ìyá àti ọmọ, ibi tí ọwọ́ pẹ́ díẹ̀ yẹn ni ẹ̀mí wà. Nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, níbi tí ìka ò jìnnà sí irin tó ń yí, ibẹ̀ náà ni. Ẹni tó fi igbà gun ọ̀pẹ, tó gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan kí ó tó ju igbà sókè, òun náà ò ní àyè fún ọpọlọ tó ń fà. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tí ojú bá rí i tán, tí ọwọ́ ò tètè gbọ́, kí ni ojú ọ̀hún fẹ́ ṣọ́?

"Mo mọ ara mi"

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù nìyẹn. "Mo mọ ara mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, ojú mi á ti dá." Ibí gan-an ni ìwádìí ti já wa nírọ́.

Àwọn ará Netherlands ló gbé ọ̀nà ìdánwò kan kalẹ̀ tí gbogbo ayé wá ń lò. Wọ́n á fún ẹni tí ara ẹ̀ yá ní oògùn gidi lọ́jọ́ kan, wọ́n á fún un ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú lọ́jọ́ mìíràn, òun náà ò sì ní mọ èyí tí òun gbé mì. Lẹ́yìn náà, á wa mọ́tò lójú títì márosẹ̀ gidi, kì í ṣe ti eré kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ kan á jókòó tì í, tí òun náà ní bíréèkì lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ awakọ̀ ò ju kó máa lọ tààrà láàárín ìlà lọ. Ẹ̀rọ kan á máa wọn bí mọ́tò ṣe ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ní 1982, O'Hanlon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science pé diazepam mílígíráàmù 10 ń jẹ́ kí mọ́tò máa yẹ̀ nílẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọtí ṣe òṣùwọ̀n: wọ́n á ní oògùn báyìí ń jẹ́ kí èèyàn wakọ̀ bí ẹni tó mu ọtí tó báyìí. Zopiclone, oògùn oorun mìíràn, tí wọ́n bá lo mílígíráàmù 7.5 ẹ̀ lálẹ́, lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, mọ́tò ẹni tí ara ẹ̀ yá ṣì ń yẹ̀ bíi ti ẹni tó mutí ju ìwọ̀n tí òfin gbà láyè ní ọ̀pọ̀ ìlú lọ.

Èyí tó mì mí jù ni ti 2014. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, dín ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eszopiclone kù sí mílígíráàmù 1. Ìwádìí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ wá láti ara èèyàn 91 tí ara wọn yá, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 25 sí 40. Àwọn tó lo mílígíráàmù 3 lálẹ́, ó ju wákàtí 11 lọ tí ìwakọ̀ wọn, ìrántí wọn, àti bí ọwọ́ àti ojú wọn ṣe ń bára ṣiṣẹ́ fi dín kù. Àjọ náà wá fi kún un pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe àwọn.

Lọ́dún tó ṣáájú, 2013, àjọ yìí kan náà ti gé ìwọ̀n zolpidem fún obìnrin sí ìdajì, láti mílígíráàmù 10 sí 5. Wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n lò ó, nǹkan bí obìnrin 15 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ní oògùn tó lè da ìwakọ̀ rú nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Láàárín ọkùnrin, bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ohun tí wọ́n kìlọ̀ ni pé èèyàn lè rò pé ojú òun ti dá kedere, kí oògùn ṣì wà lára ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọpọlọ tí oògùn ti fà sẹ́yìn náà lò ń lò láti yẹ ara rẹ wò. Bíi kí olè jẹ́ ọlọ́pàá ara ẹ̀ ni. Nítorí ẹ̀ ni "mo mọ ara mi" ò fi lè jẹ́ ẹ̀rí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 2015 tó ka diazepam mọ́ àwọn oògùn tí ìwọ̀n ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀. Nílẹ̀ wa, òfin ò gbà kéèyàn mu ọtí tàbí lo oògùn tó ń pani lọ́bọlọ̀ kó tó wakọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ní ká fẹnu fọ́n, ọtí nìkan ló ń mú. Kò lè mú Valium. Ọ̀pá ìdíwọ̀n kan ṣoṣo tó kù lójú títì wa ni ẹ̀rí ọkàn ẹni tó di ọwọ́ ọ̀kadà mú.

Ìyá àgbà àti káàdì láti Èkó

Tí n bá ní láti yan ẹnìkan tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí ẹ̀, ọmọ tó ń fi Valium ránṣẹ́ sílé ni.

Oògùn kì í pẹ́ lára gbogbo èèyàn bákan náà. Ní 1975, Klotz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wọn iye àkókò tí ara fi ń mú ìdajì diazepam kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lára ọmọ ogún ọdún, bíi wákàtí 20 ni. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni wákàtí yẹn ń gòkè, títí tó fi tó nǹkan bíi wákàtí 90 lára ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ ṣírò ẹ̀. Wákàtí 90 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́rin. Tí ìyá ọgọ́rin ọdún bá ń lo hóró kan lálaalẹ́, hóró àná á wà níbẹ̀, ti ìjẹta á wà níbẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò tíì tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó wà lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà á ju ti hóró márùn-ún lọ. Ìwọ rò pé hóró kan ni màmá ń lò.

Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí. Wọ́n á pe ọmọ-ọmọ ní orúkọ ẹlòmíràn. A máa ní, "Ogbó ti dé." Lóru, wọ́n á dìde láti lọ tọ̀, ẹsẹ̀ á kọ́, egungun ìbàdí á ṣẹ́. Ìwádìí ti fi hàn tipẹ́ pé irú oògùn yìí ń pọ̀ ìṣubú àti egungun ìbàdí ṣíṣẹ́ lára àgbàlagbà, àwọn dókítà àgbàlagbà sì ti kọ ọ́ sára àwọn oògùn tí kò yẹ ká máa fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65, àyàfi tí ìdí gúnmọ́ bá wà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí màmá bá ṣubú, ẹ wo ẹ̀yìn lóòótọ́: ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí, bóyá káàdì oògùn ló wà ńbẹ̀.

Àwọn tó ń fẹ́ kí ọpọlọ sáré

Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Èyí tó ń fà wá sẹ́yìn lẹ̀ ń sọ. Èyí tó ń jẹ́ kí ọpọlọ sáré ńkọ́?" Lásìkò ìdánwò, ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbilẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Methylphenidate wà, tí wọ́n ń pè ní Ritalin, tí dókítà ń fún ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ò lè dúró sójú kan. Modafinil wà, fún ẹni tí àìsàn ń mú kó máa sùn lọ́sàn-án.

Ní 2023, Bowman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fún èèyàn 40 tí ara wọn yá ní àwọn oògùn yìí àti hóró òfìfo, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn ò ṣàjèjì sí òǹtajà: àpò kan wà tí kò gbà ju ìwọ̀n kan lọ, ẹrù oríṣiríṣi wà, oníkálukú pẹ̀lú ìwúwo tiẹ̀ àti owó tiẹ̀, kí ni ká dì sínú àpò tí owó inú ẹ̀ á fi pọ̀ jù? Ìṣòro tí ẹni tó ń dì ẹrù lọ sọ́jà Àjàṣẹ́-Ìpo ń yanjú nìyẹn. Àwọn tó lo oògùn ṣiṣẹ́ kára ju ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n ń kó ẹrù sínú, wọ́n ń kó o jáde, wọ́n pẹ́ nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìsapá yẹn mú wá ò tó nǹkan, nítorí wọ́n ń kó ẹrù gẹ́gẹ́ bó ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láìlo oògùn ló máa ń já wálẹ̀ sẹ́yìn àwọn yòókù tí wọ́n bá lò ó.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e mì á rò pé òun ń ṣe bẹbẹ. Iná ọpọlọ ń jó fòò, ọbẹ̀ ò jiná. Òun náà ò sì mọ̀.

"Ewé ni tèmi"

Ẹlòmíràn á ní òun ò lo oògùn òyìnbó, ewé àti egbò lòun ń lò. Ẹ jẹ́ n rán wa létí asofẹ́yẹjẹ. Àwọn baba wa ti ń fi tọ́jú wèrè kí Largactil tó dé. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, kọ nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lò ó, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1960. Inú igi yẹn ni reserpine wà, oògùn tí àwọn òyìnbó náà fi tọ́jú wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ọdún 1950. Ó ń tú dopamine àti àwọn kẹ́míkà bíi tiẹ̀ dà kúrò nínú ìṣúra tí ọpọlọ kó wọn pa mọ́ sí. Ó ń múni sùn, ó ń fa ara, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru já wálẹ̀.

Ìyẹn fi hàn pé àwọn baba wa mọ̀ ọ́n ṣe. Ó tún fi hàn pé ewé tó lágbára láti mú wèrè rọlẹ̀ ní agbára láti mú ẹni tí kò ya wèrè ṣubú. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni aláìsàn máa ń gbé tó bá ń lò ó, tí ojú oníṣègùn wà lára ẹ̀. Àwa tá à ń ra àgúnmu oorun lọ́jà, ta ló ń wò wá?

Ohun tí wọ́n lè fi dá mi lóhùn

Àwọn kan á ní àìsùn náà ń pani. Òótọ́ ni. Ọlọ́kadà tí kò sùn ní òru méjì léwu bíi ẹni tó mutí. Ìdí ẹ̀ gan-an ni mo fi ní ká wá ohun tó lé oorun lọ. Ṣé ìrora orúnkún ni? Ṣé ìtọ̀ òru ni, tó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ? Ṣé obì tí a jẹ lálẹ́ ni? Ṣé ọ̀fọ̀ ni, tàbí ìrònú gbèsè? Valium ò san gbèsè, kò sì wo orúnkún.

Àwọn mìíràn á ní àwọn ti ń lò ó fún ọdún mẹ́ta, ara àwọn ti mọ́ ọn. Lóòótọ́, ara máa ń mọ́ oorun ẹ̀ lára díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí hóró kan fi ń di méjì. Ṣùgbọ́n ìpalára tó ń ṣe sí ìrántí kì í lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, jọ̀ọ́, má dá a dúró lójijì. Gìrì lè mú ẹni tó já diazepam ọlọ́jọ́ pípẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kí wọ́n bá ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ̀yin oníkẹ́mísì wa, ẹ mọ̀ pé ìwé àṣẹ yín ò gbà yín láyè láti ta diazepam. Ẹ jẹ́ ká pa á mọ́, torí ọ̀kadà tí oníbàárà yín ń gùn lè gbé ọmọ tiyín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, ẹ fi "ṣé o lo oògùn oorun lánàá?" kún "ṣé o mutí?" Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá kọ irú oògùn yìí fún àgbẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ń gun ọ̀pẹ, ẹ bi í bóyá ó ń wakọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ọjọ́ kejì náà wà lára àkókò tí oògùn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí aláìsàn ọpọlọ wà nílé yín, oògùn ẹ̀, tiẹ̀ nìkan ni. Ẹ má bù ú fún àlejò, ẹ má sì fi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé lè dé.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà l'Ékòó, dípò káàdì oògùn, ẹ fi owó mọ́tò ránṣẹ́, kí wọ́n gbé màmá lọ rí dókítà. Tí wọ́n bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo páálí ẹ̀ dání.